Ìyẹ́ Ọ̀kín Tí Kò Ní Ẹ̀jẹ̀

Ẹ jókòó kí ara yín balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọdẹ, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ gbé ìwé àti gègé dání wá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá dé lónìí kì í ṣe èyí tí a fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, ó sì ti ń bí mi fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ṣùgbọ́n n óò to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ, nítorí mo fẹ́ kí ẹ fi etí ara yín ṣe ìdájọ́. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́gbèmí, ará Òkè-Apá. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún. Ẹkùn méjì ti fi èékánná kọ ìwé sí mi lẹ́yìn. Bí ẹ bá bi àwọn aya wọn léèrè, wọn yóò sọ fún yín pé opó ni àwọn. N kò sọ èyí láti fọ́nnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ fọ́nnu, mo ní ohun tí mo lè fi ṣe é. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tí ẹyẹ kan kọ́ lọ́gbọ́n nínú igbó kì í ṣe ojo.

Ní Òkè-Apá, adé kì í pé láìsí ìyẹ́ ọ̀kín. Ọba kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìyẹ́ tirẹ̀. Bí ọba bá wàjà, ìyẹ́ rẹ̀ yóò wà lára adé síbẹ̀, ọdẹ kan yóò sì lọ sí Igbó Àìdápadà láti mú òmíràn wá fún ẹni tí oyè kàn. Nígbà kan, bàbá mi ni wọ́n rán. Ó lo ọjọ́ mẹ́tàlá, ó sì mú ìyẹ́ kan bọ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán bí omi aró tí oòrùn wọ̀. Àwọn ìjòyè gbà á, wọ́n yí ìdí rẹ̀ sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ dà?" Bàbá mi ní kò sí ẹ̀jẹ̀, pé ilẹ̀ ni òun ti rí i he. Olóyè Adégòróyè, tí í ṣe Ọ̀tún ìlú wa, dìde láàrin ọjà ní ọ̀sán gangan. Ó ní ọdẹ tí kò bá ẹyẹ ọba jà kò rí ẹyẹ ọba. Ó ní ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni bàbá mi ti ra ìyẹ́ náà. Ó ní òpùrọ́ ni. Wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ọdẹ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ọdẹ mìíràn ti mú ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìdí rẹ̀ wá, wọ́n sì jó yí i ká.

Bàbá mi kú ní ọdún kẹta. Ẹ̀yin ọdẹ mọ ìṣípà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́: ètò tí àwọn ọdẹ ń ṣe fún ẹnìkejì wọn tó kú ni, tí wọ́n fi ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí inú igbó, kí ó lè fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀ kí ó sì máa lọ bá àwọn baba rẹ̀ ní àlàáfíà. Ọdẹ tí a kò ṣe é fún kò tíì lọ. Wọn kò ṣe é fún bàbá mi. Ìyá mi gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì wà níbẹ̀ títí ọba tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ dé ládé fi wàjà ní ọdún tó kọjá, tí àwọn ìjòyè wá ránṣẹ́ pè mí, nítorí kò sí ọdẹ mìíràn tí ó gbà láti wọ igbó náà.

"Ọdẹ́rìndé," Ọ̀tún ní, "ṣé ìwọ yóò bá ẹyẹ jà, àbí ìwọ náà yóò lọ máa wo ilẹ̀ kiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù?"

"Bàbá, ẹ rán mi, mo sì ti gbọ́," mo dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n bí mo bá mú un dé, n kò fẹ́ owó, n kò fẹ́ ilẹ̀. Ìṣípà bàbá mi ni kí ẹ ṣe."

"Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, a ó ṣe é."

"Bí kò bá sí ńkọ́, bàbá?"

"A jẹ́ pé bí baba ṣe rí ni ọmọ rí nìyẹn," ó ní, àwọn tó yí i ká sì rẹ́rìn-ín.

Mo délé, mo yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ṣì gbọ́ràn. Ìyá mi jáde. "Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bèèrè?" ó ní.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, ìyá mi. N óò sì mú un wá fún wọn."

"Bàbá rẹ kò mọ irọ́ í pa," ó ní. "Bí ó bá pa ìgalà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wálé, á ní ó kéré díẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní òpùrọ́." Ó wọlé, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tí mo sùn àti ohun tí mo jẹ lọ́nà kò kan ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta ni mo dé odò tí ó pààlà igbó náà, ibẹ̀ ni mo sì ti bá ohun kan tí ó jókòó sórí gbòǹgbò àràbà. Ẹnu mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan ní ojú, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ti ojú ń yin gbogbo ohun tó bá rí. Ti àyà ń bú wọn. Ti ọwọ́ kò mọ̀ ju jíjẹ lọ. Ẹ má ṣe wojú ara yín bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé bàbá mi kì í purọ́, inú ilé rẹ̀ sì ni mo dàgbà sí.

"Ọdẹ arẹwà, ọdẹ agbójú," ẹnu ojú ní, "ẹ kú ìrìn o."

"Orí rẹ̀ ò dọ́gba," ẹnu àyà ní. "Ọdẹ, sanwó ibodè."

"Èló ni?"

"A kì í gba owó níbí. Bú ẹnìkan tí kò sí ní ìtòsí, kí o sì máa lọ. Àwọn tó ń kọjá sábà máa ń bú ọ̀kín, nítorí ó rọrùn. Wọ́n á ní ó gbéraga, wọ́n á ní bí ó bá rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ á bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, ṣùgbọ́n ó ń yó mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní pa òtítọ́ mọ́. Ní ọjọ́ náà, èmi pàápàá gbà pé agbéraga ni ọ̀kín, nítorí ohun tí a kọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ti la ẹnu láti bú u, bàbá mi ni mo rántí. Mo ní, "N kò lè bú ẹni tí kò sí níbí. Wọ́n ti bú bàbá mi náà nígbà tí kò sí níbẹ̀."

"Ó dára," ẹnu àyà ní, inú rẹ̀ kò sì dùn. "Dáhùn èyí nígbà náà. Ta ni ó ń bọ́ aṣọ oyè rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò pe ẹnikẹ́ni láti bá òun ká a, tí kò sì di ẹrú?"

Mo ronú. Mo wo igi tí ó jókòó lé, mo ní, "Àràbà ni, nígbà tí ewé rẹ̀ bá wọ́." Igi náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń mì.

"Ìgbìyànjú tó dára púpọ̀," ẹnu ojú ní.

"Òmùgọ̀," ẹnu àyà ní. "Fi ìbọn rẹ sílẹ̀. Bí o bá rí ìdáhùn, padà wá gbà á."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi, apẹfọ̀n mẹ́tàdínlógún, ṣe kọjá odò pẹ̀lú àdá àti ojú méjèèjì. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìbọn tí a gbà lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí n di apànìyàn. Mo ní apànìyàn, nítorí àwọn tí mo bá pàdé níwájú, n kò lè pè wọ́n ní ẹyẹ lásán mọ́.

Pápá kan wà ní àárín igbó náà, koríko rẹ̀ dé orúnkún. Ìgbà tí òjò ń sinmi díẹ̀ ni. Mo rí akọ ọ̀kín bí ogún tí wọ́n ń rìn kiri, ojú sì tì mí fún wọn: ọrùn wọn ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ìdí wọn ṣófo bí ti àkùkọ tí wọ́n fà ní ìrù. Mo rò pé àrùn ti wọ agbo wọn. Mo gbé ẹsẹ̀ láti sún mọ́ wọn, ohùn kan sì sọ̀rọ̀ ní ìsàlẹ̀ mi.

"Bí o bá tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọdẹ, o ó tẹ àwọn ọmọ mi pa."

Mo wò, n kò rí ẹnikẹ́ni. "Níbo lẹ wà?"

"Ibi tí ojú rẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní ọdẹ ní ìlú yín?"

Nígbà náà ni mo rí i, abo ọ̀kín kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí koríko gbígbẹ, ọmọ mẹ́rin lábẹ́ apá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àìsàn wo ni ó mú àwọn ọkùnrin yín?"

"Àìsàn kẹ̀? Ọdọọdún ni ìrù wọn ń já bọ́, tí òmíràn ń hù."

"Ta ni ó ń já a fún wọn?"

"Ta ni ó ń já eyín ọmọ yín?"

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ fi dáhùn, ó ní, "Má mira." Paramọ́lẹ̀ kan ti gun orí ẹsẹ̀ mi, ó sì ti ká ọrùn rẹ̀ láti ṣán. Ẹ gbà mí gbọ́, ara mi kú. Abo ọ̀kín náà ké lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀kan nínú àwọn akọ tí ìdí wọn ṣófo, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń káàánú, sáré dé bí òkò. Ó sọ ejò náà lórí, ó sì gbé e mì díẹ̀díẹ̀, ìrù ejò náà ṣì ń jà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ láìwo ojú mi fún ọpẹ́.

Mo jókòó níbi tí mo wà. Mo ní, "Ìyá, ní ìlú wa, ọ̀kín ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má ṣe gbéraga."

"Ta ni ó kọ́ ẹ̀yin?" ó bi mí. "Èmi ni akọ ń na ìrù náà sí. Bí ó bá nà án, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. Ṣé o ti rí agbéraga tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n rí? Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Èmi a kẹ̀yìn sí i, n á máa ṣa èèrà jẹ. Òun á tún yí wá sí iwájú mi. Ìgbà mìíràn, ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbójú sókè."

"Kí ni ó ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dúró ni."

Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn dúró díẹ̀, kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹyẹ kan ń pa ejò ní àyíká wa. Ó ń ké kí òjò tó dé, ó ń ké kí ẹkùn tó dé. Orí igi gíga ni ó ń sùn kí ó lè rí ewu tí àwa kò rí. Ó ń fi ẹwà rẹ̀ tọrọ ojú rere, bí wọn kò bá sì fún un, kò jà. Nígbà tí àkókò bá tó, ó ń jẹ́ kí ọlá rẹ̀ já bọ́ sínú koríko, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìhòòhò. Èyí ni a mú, nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ìgbéraga. Ta sì ni ó ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Àwọn tí wọ́n ti jókòó sórí àga kan fún ogójì ọdún, tí wọn kò lè bọ́ fìlà sílẹ̀ kí ooru má baà pa wọ́n, nítorí kí a má baà rí i pé orí lásán ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin olùkọ́: kí ni ẹ ń kọ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ wa?

Mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi fún abo ọ̀kín náà, àti ẹ̀jẹ̀ tí Ọ̀tún ń bèèrè. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn akọ, ó ní kí ó yí ìdí sí mi. Àwọn ìyẹ́ tuntun ti ń yọ níbẹ̀, wọ́n kúrú, wọ́n dúdú, wọ́n sì rọ̀ bí èèhù ewé.

"Wò ó," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ni ó kún inú wọn, òun ni wọ́n fi ń dàgbà. Bí ìyẹ́ bá gbó, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á dí, á gbẹ, á já fúnra rẹ̀. Ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fà tu kí ó tó gbó. Kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà. Ṣé èyí ni ẹ fi ń dé ọba ládé?"

Ó wo ojú mi pẹ́ díẹ̀. "Ìyá tó bí mi sọ fún mi nípa ọkùnrin kan tó jókòó síbí fún ọjọ́ mẹ́rin," ó ní. "Ìyẹ́ kún ilẹ̀ lọ jàra. Ọ̀kan péré ni ó mú, ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní.

"Mú ọ̀kan ní tìrẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹ̀jẹ̀ kankan kàn án, ìbáà ṣe tìrẹ tàbí ti adìẹ, láti ọjọ́ náà lọ, ará ìlú yín kò ní rí ìyẹ́ nínú koríko yìí mọ́."

Mo gbà. Mo mú ọ̀kan. Ẹ wá rò ó wò: ohun tí mo gbé dání ni òtítọ́ bàbá mi, òun kan náà sì ni ohun tí wọ́n fi pè é ní òpùrọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ara mi, àdá wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ẹni tó ń wò mí. Mo fi ọjọ́ kan gbáko rìn pẹ̀lú èrò yẹn.

Ìgbà tí mo dé odò, mo pe ìdáhùn mi sókè: "Ọ̀kín ni." Ẹnu àyà kùn, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n mú ìbọn mi. Bí mo ti nawọ́ sí i, ó ní, "Ìdí ìyẹ́ rẹ gbẹ. Àwọn ìjòyè yín yóò yọ ṣùtì sí ọ. Jẹ́ kí ọwọ́ mi bù ọ́ jẹ díẹ̀ ní ọmọ ìka, kí a fi ẹ̀jẹ̀ náà kùn ún ní ìdí. Bàbá rẹ yóò sinmi, ìyá rẹ yóò gbé àpò yẹn kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ta ni yóò mọ̀?"

Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ kíákíá. Mo na ọmọ ìka mi. Mo nà án dé ìdajì, mo sì wá ronú pé bí mo bá ṣe é, Ọ̀tún ni yóò ti sọ òótọ́ láàrin ọjà, bàbá mi yóò sì di òpùrọ́ láti ọwọ́ ọmọ tó bí. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo já ìbọn mi gbà. Ẹnu àtẹ́lẹwọ́ fò mọ́ mi, ó gé ìdí ìbọn mi jẹ dé igi. Àpá eyín rẹ̀ nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án. Ó ń fà mí lọ sínú odò. Mo ké pé, "Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni olórí nínú yín?"

"Èmi ni," ẹnu ojú ní, "ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi náà dára púpọ̀."

"Ìwọ apọ́nniláhọn," ẹnu àyà ní, "èmi tí mò ń bọ́ yín ńkọ́?"

Ẹnu àtẹ́lẹwọ́ là láti fèsì, ìbọn mi sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí mo fi dé òkè kejì, wọ́n ṣì ń bú ara wọn.

Mo wọ Òkè-Apá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà. Àwọn ìjòyè jókòó ní àgbàlá ààfin. Ọ̀tún gba ìyẹ́ náà, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀jẹ̀ dà?"

"Kò sí, bàbá."

"Ẹ gbọ́ o," ó sọ fún àwọn ènìyàn. "Ilé kan náà ni wọ́n ti wá."

"Bàbá," mo ní, "mo fẹ́ béèrè ohun kan, kì í ṣe lọ́wọ́ yín. Lọ́wọ́ Yèyé Adé ni." Yèyé Adé ni obìnrin àgbà tó ń tọ́jú adé ìlú wa, òun nìkan ni ó ń tú àwọn ìyẹ́ àtijọ́ kúrò lára adé láti sá wọn kí ti tuntun tó dé. Mo kí i, mo ní, "Yèyé, ìyẹ́ àwọn ọba àná mélòó ni ó wà lọ́wọ́ yín?"

"Méje," ó ní.

"Mélòó ni ẹ̀jẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀?"

Ó wọlé, ó gbé aṣọ funfun kan jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú gbogbo ènìyàn. Mẹ́fà nínú àwọn ìyẹ́ náà ṣì ń dán, àwọn mìíràn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìdí wọn gbẹ, ó sì funfun bí eyín. Ìkeje ti di dúdú ní ìsàlẹ̀. Kòkòrò ti jẹ ẹ́ dé àárín, ojú aláwọ̀ rẹ̀ ti yọ. "Èyí ni ti ọba tó wàjà," Yèyé ní. "Kò pé ọdún méjì tó fi ń rùn. Mò ń fi ewé efinrin bò ó. Ẹ kò bi mí léèrè rí."

Olúọdẹ Àkànmú, tí í ṣe olórí wa, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú ìyẹ́ mi ní ọwọ́ kan, ó mú ọ̀kan nínú mẹ́fà náà ní ọwọ́ kejì, ó sì fi ìdí wọn wé ara wọn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn bí ìyẹ́ ṣe ń gbó. Mo ní ọba mẹ́fà dé ìyẹ́ tí ẹyẹ fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọba kan péré ni ó dé ìyẹ́ tí wọ́n fi ipá fà tu, ẹ sì rí i bí ó ti rí. Mo ní ẹni tí kò rí ọ̀kín rí ni ó jókòó sórí àga tó ń dá ẹni tó rí i lẹ́jọ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀tún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ọdẹ́rìndé, ọmọ mi," ó ní, ọ̀rọ̀ tí kò pè mí rí, "ọ̀rọ̀ ti yé wa. A ó ṣe ìṣípà bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, ní àṣálẹ́, láàrin ẹbí. O mọ̀ pé ìlú ní iyì tirẹ̀."

Nígbà náà ni inú bí mi ju ti gbogbo ọdún yẹn lọ. Mo ní, "Bàbá, ọ̀sán gangan ni ẹ pè é ní òpùrọ́. Àárín ọjà ni. Iyì ìlú kò ha wà ní ọjọ́ náà?"

"Ọba gbọ́dọ̀ dé adé ní ọ̀la. A nílò ìyẹ́ yìí."

Olúọdẹ ti gbọ́. Ó fi ìyẹ́ mi sí abẹ́ apá, ó nà dúró ṣánṣán, ó ní, "Bàbá Ọ̀tún, ẹ fún wa láàyè. Àwa ọdẹ ní iṣẹ́ kan láti ṣe kí oòrùn tó yẹ̀ lórí." Kò dúró de èsì. Àwọn ọdẹ tó wà níbẹ̀ dìde tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà tó fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n yọ orúkọ bàbá mi náà sì dìde, wọ́n doríkodò.

Ìyá mi ló mú àpò náà wá fúnra rẹ̀. A gbé e gba àárín ọjà kọjá, ní ọ̀sán gangan, àwọn tó ń tajà dìde dúró. Olúọdẹ pe orúkọ bàbá mi sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ọdẹ. Ní etí igbó, a gbé àpò náà kalẹ̀. Ìyá mi dúró títí a fi parí, ó ní, "Ó ti lọ," ó sì yí padà sílé láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí a padà dé ààfin, àwọn ìjòyè ṣì jókòó bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo gba ìyẹ́ náà lọ́wọ́ Olúọdẹ, mo sì gbé e lé Ọ̀tún lọ́wọ́, gbígbẹ bí ó ti wà. Ó wò ó. Kò yí ìdí rẹ̀ sókè.